Olórí Bàǹdì Tí Kò Mọ Ijó

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ní Veracruz, ìlú etíkun ní Mẹ́síkò, bí oòrùn bá ti rọ̀ tí afẹ́fẹ́ òkun bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ wọ gbàgede, kò sí ẹni tó ń jókòó sílé àfi aláìsàn àti ẹni tí inú ń bí. Gbogbo ayé á ti wẹ̀, wọ́n á ti wọ funfun, bàtà wọn á máa dán bí ojú ẹja tútù. Ohùn ọkùnrin kan ni wọ́n ń dúró dè. Nabor Uscanga á gun àgọ́ orin, á na ọwọ́ sókè, á sì ké pé:

"Ẹ̀yin ẹbí o! Dansọ́n yìí, ti Lázaro onígbàjámọ̀ ni, àti àwọn ọ̀rẹ́ tó bá a wá!"

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn. Kò sí dansọ́n, orin ijó ìlú wọn, tí kì í ní ẹni tó ni ín. Láti nǹkan bí ogójì ọdún, Nabor ti fi orin ta òṣìṣẹ́ èbúté lọ́rẹ, ó ti fi ta apẹja àti ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ó tilẹ̀ fi ọ̀kan ta ọkọ̀ ojú omi kan lọ́rẹ nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ tú u palẹ̀.

Ọmọ apẹja ni òun náà. Ọ̀dọ̀ àwọn ológun ojú omi ló ti kọ́ fèrè, ó sì bá wọn fun ún títí ó fi rí i pé rírìn ni wọ́n ń rìn sí orin, ẹnì kan kì í jó sí i. Ló bá sá lọ bá àwọn onídansọ́n. Nígbà tí olórí wọn kú, irungbọ̀n Nabor kò tíì kún tí wọ́n fi gbé ẹgbẹ́ lé e lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, bó bá gbé ọwọ́, ìlú á dìde. Bó bá sọ ọ́ kalẹ̀, ìlú á dúró.

Dansọ́n kì í sì í ṣe ijó oníwàdùwàdù. Ibì kan wà nínú orin tí gbogbo wọn ń dúró, tí wọ́n ń kọjú sí àgọ́, obìnrin á máa fẹ́ra, ọkùnrin á nu ojú, orin á máa lọ láìsí ẹsẹ̀. Nígbà tó bá yá, lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹyẹ tó gbéra lórí igi kan, gbogbo wọn á tún mú ijó. Ẹni tó bá ṣáájú wọn gbé ẹsẹ̀, títí di Ọjọ́bọ̀ mìíràn ni wọ́n á fi máa fi í ṣẹ̀sín.

Àga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ náà, Casilda ìyàwó Nabor ló ni ín. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọge ní La Huaca, ládùúgbò tí wọ́n fi pákó ọkọ̀ kọ́lé, kò sí ẹni tó ń jó bíi tirẹ̀. Orí àgọ́ ni Nabor wà tó ti rí i, tí fèrè fi ṣìnà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, ta ló máa fa ìyàwó olórí bàǹdì lọ́wọ́ lójú ọkọ rẹ̀? Ọkọ náà sì rèé, òkè ló wà, ó ń ṣiṣẹ́. Casilda á jókòó, á máa fẹ́ra, á máa rẹ́rìn-ín sí àwọn èèyàn, bí ẹni tó ń dáná tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ tọ́ ọbẹ̀ wò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ń mu kọfí oníwàrà.

"Nabor."

"Mo ń gbọ́."

"O ò gbọ́. Ìwé ìròyìn lò ń kà. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni màá pé ọgọ́ta ọdún."

"Ṣé mo gbàgbé ni? Màá fi dansọ́n ta ọ́ lọ́rẹ. Èyí tó gùn jù."

"Fún èmi àti ta ni? Àga mi?" Casilda gbé ife sílẹ̀. "Fetí sílẹ̀, bàbá àgbà. Gbogbo ìlú yìí lo ti mú jó. Aṣọ́bodè ẹlẹ́sẹ̀ igi yẹn, o mú un jó. Èmi nìkan lo fi jókòó. Bí o ò bá sọ̀kalẹ̀ wá bá mi jó dansọ́n kan lọ́jọ́ náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, màá wọ ọkọ̀ àárọ̀ Ẹtì lọ bá Remedios ẹ̀gbọ́n mi ní Tlacotalpan, n ò sì ní padà. Níbẹ̀, arúgbó ń jó lórí pákó títí eyín rẹ̀ á fi já bọ́."

"Eré lò ń ṣe."

"Àpótí mi wà lórí ibùsùn. Lọ wò ó."

Nabor lọ wò ó. Nínú ooru yẹn, aṣọ òtútù ni Casilda kọ́kọ́ ká sínú àpótí. Ẹni tó bá ká aṣọ òtútù dání nígbà ooru, ó ní bó ṣe fẹ́ pẹ́ tó.

Kì í ṣe pé Nabor kò fẹ́ bá a jó. Kò mọ ijó ni. Kékeré ló ti gun àgọ́, kò sì sọ̀kalẹ̀ mọ́. Alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ọkọ́ fún gbogbo ìlú, òun gan-an kò lóko.

Ọ̀dọ̀ Pencho ló gbà lọ. Onílù rẹ̀ ni, ọkùnrin tó ga tó sì fẹ̀ bíi kọ́bọ́ọ̀dù, tó sì gbà pé ẹsẹ̀ òun ni Ọlọ́run kọ́kọ́ dá kó tó dá àwọn èèyàn yòókù.

"Pencho, kọ́ mi ní ijó."

"Ijó wo?"

"Ijó wo lo rò? Dansọ́n!"

Pencho rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ẹ gbà mí o! Ẹja ní kí n kọ́ òun ní omi wíwẹ̀!"

"Pa ẹnu mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́, màá wá onílù mìíràn."

"Ta lẹ máa rí, ọ̀gá? Ta ló lè fara da yín?"

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Lázaro ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí oorun ti gbé gbogbo ìlú lọ. Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ dé sórí ta ni yóò ṣe obìnrin.

"Ìwọ ni," Nabor wí.

"Èmi? Pẹ̀lú irungbọ̀n yìí? Láti ọjọ́ tí mo ti ń jó, èmi ni mò ń darí. Ẹsẹ̀ mi ò mọ ọ̀nà mìíràn. Ẹ gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá wa."

Ẹni tó ń wá nǹkan ló ń tẹrí ba. Nabor gbé ọwọ́ lé e léjìká. Pencho di ìbàdí rẹ̀ mú, ó ń fi ẹnu kọ orin, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Bí wọ́n bá dé ibi ìdúró, Nabor á já ọwọ́ gbà, á nà án sókè.

"Ọ̀gá, ta lẹ ń pè? Kò sí onífèrè nínú yàrá yìí!"

Lázaro yọ orí lẹ́yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà. "Ta lọkọ, ta nìyàwó nínú yín? Ẹ jẹ́ n mọ ẹni tí màá kí kú oríire."

"Lọ fárí!" ni àwọn méjèèjì fi dá a lóhùn.

Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, Nabor kò tẹ Pencho lẹ́sẹ̀ mọ́. Inú wọn dùn débi pé kò sí ẹni tó ro nǹkan kan síwájú sí i.

Ọjọ́bọ̀ dé. Ẹnu Lázaro ti ṣiṣẹ́, gbàgede kún dé ẹnu ọ̀nà kàtídírà. Nabor fa bàǹdì lé Pencho lọ́wọ́, ó sì sọ̀kalẹ̀. Lókè, Pencho ké:

"Ẹ̀yin ẹbí o! Dansọ́n yìí, ti Donya Casilda ni, àti ọ̀rẹ́kùnrin tó bá a wá!"

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Casilda dìde, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó fún Nabor lọ́wọ́. Wọ́n dúró títí orin fi dé ibi tí ẹsẹ̀ ti ń wọlé. Nabor bọ́ sẹ́yìn. Casilda náà bọ́ sẹ́yìn. Apá àwọn méjèèjì nà tan bí ẹni tó ń fa àwọ̀n létí òkun. Wọ́n tún un ṣe: Nabor gbé ọwọ́ lé Casilda léjìká, Casilda náà gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Nabor, kí lò ń ṣe?"

"Mò ń jó."

"Apá tèmi lò ń jó!"

Nabor gbójú sókè wo Pencho. Pencho fi igi ìlù gbá iwájú orí ara rẹ̀. Ọkọ̀ àárọ̀ Ẹtì ni Nabor ń rí lójú rẹ̀.

"Pencho ló kọ́ mi," ó wí wúyẹ́wúyẹ́. "Ó ní òun ò lè ṣe obìnrin."

Ètè Casilda ń gbọ̀n. Nabor rò pé ẹkún ni; ẹ̀rín ni.

"O lọ kọ́ ijó nítorí mi?"

"Lójoojúmọ́."

"Lọ́wọ́ Pencho?"

"Lábẹ́ abíyá rẹ̀."

Casilda rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá gbé ọwọ́ Nabor lé èjìká ara rẹ̀, ó sì di ọkọ rẹ̀ ní ìbàdí mú. "Ó dáa. Tẹ̀lé mi. Má wo ẹsẹ̀."

Ló bá ń darí rẹ̀. Ogójì ọdún lórí àga kò mú nǹkan kan kúrò lára rẹ̀. Àwọn èèyàn ń hó. Níbi ìdúró, ọwọ́ Nabor fẹ́ gòkè, Casilda fún un mọ́lẹ̀ ṣinṣin. Níbẹ̀ ni Nabor ti kọ́kọ́ gbọ́ bàǹdì ara rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Kò mọ̀ rí pé fèrè yẹn ń kọjá lórí àwọn igi fùrúùtù, tí á lọ kan ògiri kàtídírà, tí á sì padà wá rọra bà lé èèyàn lọ́rùn.

Orin dé apá ìkẹyìn. Apá yìí a máa yí po ni. Ọwọ́ olórí ló ń gé e. Àwọn olórin ń wo ọwọ́ Nabor bí wọ́n ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá, ọwọ́ kò sì gòkè. Wọ́n yí i, wọ́n tún un yí. Pencho kò láyà àtidá a dúró. Ojú afunpè pọ́n bí tòmátì. Àwọn àgbàlagbà ń bọ́ sórí bẹ́ǹṣì lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Don Nabor, ẹ gbọ́wọ́ sókè!" aṣọ́bodè pariwo. "Ẹsẹ̀ igi mi ti ń gbóná!"

"Dá wọn dúró, bàbá àgbà," ni Casilda wí. "Wọ́n á kú."

Ọwọ́ Nabor ń yún un. Ṣùgbọ́n bó bá gbé e sókè, iṣẹ́ ló padà sí yẹn, Casilda á sì tún di ẹni tí ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́.

"N ò wá ṣiṣẹ́ níbí," ó wí. "Ìwọ lò ń darí. Dá wọn dúró fúnra rẹ."

Casilda wò ó. Ó mú ọwọ́ kúrò ní ìbàdí rẹ̀, ó nà án sókè tààrà lójú gbogbo ìlú. Gbogbo olórin gbójú sí i. Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Orin dá wáí, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé okùn.

Ariwo tó sọ lẹ́yìn náà, ẹyẹ inú igi gbàgede fò tán. Casilda dúró, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Donya Casilda!" Pencho ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Kí la máa lù báyìí?"

"Èyí tí kò yára," ó dá a lóhùn. "Ọkọ mi ò tíì mọ ẹsẹ̀ ọkùnrin."

Nabor rọra bi í pé, "Ọkọ̀ ọ̀la ńkọ́?"

"Ọkọ̀ wo? Dúró dáadáa. Ẹsẹ̀ òsì, bàbá àgbà. Ẹsẹ̀ òsì lọkùnrin fi ń bẹ̀rẹ̀."