Èéfín Tó Ń Bo Ooru Ara

Bí èèyàn bá fẹ́ pe Bàbá Jayéọlá ní iléeṣẹ́ wọn ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, kó má dúró sẹ́yìn ilé máa pariwo o. Yóò pè títí ọ̀fun rẹ̀ yóò fi gbẹ, dẹ́rẹ́bà àgbà náà kò ní dá a lóhùn, bẹ́ẹ̀ etí rẹ̀ mú ju ti ológbò lọ. Àfi kí olúwarẹ̀ rìn dé iwájú ọkọ̀, kó yọjú sí i. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ara bàbá ló wà ní Èkó, ọkàn rẹ̀ ṣì wà ní Ìkirè.

"Ẹ̀yin ọmọ Festac, ẹ máa rẹ́rìn-ín," báyìí ló máa ń wí. "Ẹni téèyàn ò rí, tó ń peni lórúkọ, ìpè rẹ̀ kì í ṣe ìpè rere. Ẹni tó bá fẹ́ mi, kó jẹ́ kí n rí ojú rẹ̀."

Tèmilọlá wà lára àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ Festac pọ́ńbélé ni, ọmọ ìjọ tó gbà pé orúkọ Jésù ti borí gbogbo ìpè burúkú, ó sì kàwé gboyè nínú ìmọ̀ kẹ́mísìrì. Ìyẹ̀fun ni iṣẹ́ rẹ̀. Èéfín lásán lè bo èèyàn lójú èèyàn, ṣùgbọ́n kámẹ́rà kan wà tó ń fi ooru ara ríran. Ìyẹn á wo àárín èéfín gan-an, á sì rí ẹni tó sá pamọ́ síbẹ̀, yóò funfun báláú. Ìyẹ̀fun tí Tèmilọlá ń pò, èyí tí wọ́n lọ̀ kúnná ju àtíkè lọ, ni yóò máa fò káàkiri inú èéfín, tí kò ní jẹ́ kí ooru náà kọjá. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló ti dé ilé pẹ̀lú ojú dúdú bí ẹni tó ń ta èédú.

Àwọn ṣọ́jà ló fẹ́ rà á. Wọ́n ní àwọn yóò wá wò ó kí àwọn tó sọ̀rọ̀ kankan, ó sì di dandan kí ẹnì kan dúró sínú èéfín. Kí wọ́n tó béèrè ta ni yóò lọ, Bàbá Jayéọlá ti dìde. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Jayéọlá, ṣọ́jà ni lókè Ọya, níbi tí àwọn ọ̀tá ti ń fi kámẹ́rà tó ń fò wá àwọn èèyàn wa kiri. Bàbá ní bí èéfín yìí bá máa di aṣọ ọmọ òun, ẹ jẹ́ kí òun kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ wò.

"Ẹ ò ní pẹ́ níbẹ̀, bàbá," ni Tèmilọlá wí, ó ń bá a de ìbòmú rẹ̀. "Tí mo bá ti fun fèrè, ẹ máa bọ̀. Mo fi orúkọ mi ṣe onídùúró."

Ilé kan tí wọn ò kọ́ parí létí kánáàlì ni wọ́n lò. Àárọ̀ ọyẹ́ ni, atẹ́gùn kò sí rárá. Bàbá wọlé, ó dúró sí yàrá inú. Lójú kámẹ́rà, ó funfun, ó hàn kedere, títí dórí fìlà. Wọ́n tú èéfín náà sílẹ̀. Ó rọra gorí ògiri, ó kún gbogbo fèrèsé. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá lójú kámẹ́rà, ó di òjìji, lẹ́yìn náà kò sí nǹkan kan mọ́.

Ẹnjiníà Adébánjí, ọ̀gá iléeṣẹ́, pàtẹ́wọ́. Àwọn ṣọ́jà méjì tó wá náà pàtẹ́wọ́. Inú Tèmilọlá dùn débi pé omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó fun fèrè.

Bàbá kò jáde. Ó tún fun ún. Àwọn ará Abúlé Adó tó ń kọjá lọ́nà ti ń dúró wò, nítorí láti ọjọ́ tí ìbúgbàù ti wó ilé wọn, èéfín kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fojú kékeré wò ládùúgbò yẹn.

"Ẹ fi kámẹ́rà wá a!" ni Adébánjí pariwo.

Kámẹ́rà wo? Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàtẹ́wọ́ pé kò ríran mọ́? Funfun kankan kò sí lójú rẹ̀. Tèmilọlá de ìbòmú tirẹ̀, ó sáré wọlé.

Kò rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ tọ ògiri, ó ń pè: "Bàbá Jayéọlá! Bàbá Jayéọlá!" Ìbòmú yí ohùn rẹ̀ padà, ó ń dún bí ohùn ẹni tó wà nínú ìkòkò. Láti ojú fèrèsé, àwọn ọkùnrin náà ń pe orúkọ kan náà. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ó rò ó pé bàbá ti kú, pé òun ni òun pa á.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bàbá ti sọ sí i lọ́kàn. Ẹni téèyàn ò rí, tó ń peni lórúkọ. Gbogbo wọn ló ń pè é, kò sì rí ẹnì kan nínú wọn.

Ó fa ìbòmú sílẹ̀. Èéfín ta á lọ́fun, ó wúkọ́, ṣùgbọ́n ohùn tirẹ̀ ló jáde.

"Èmi ni o! Èmi Tèmilọlá! Èmi tí mò ń jí ẹ̀pà yín jẹ nínú mọ́tò!"

Ó tẹ́tí sílẹ̀.

"Ìwọ ta ni?" Ohùn náà kò lágbára, ilẹ̀ ló ti ń bọ̀, nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Tèmilọlá, sà!"

"Hẹn. Mo wà níbí."

Búlọ́ọ̀kù kan ló yẹ̀ lẹ́sẹ̀ bàbá tó fi ṣubú, ó forí gbálẹ̀, ìbòmú sì bọ́. Adébánjí tọ ohùn wọn wọlé, òun àti Tèmilọlá wọ́ ọ jáde síta. Wọ́n fi omi bọ́ ojú rẹ̀, ó wúkọ́ títí, ó jókòó. Ọ̀gá nínú àwọn ṣọ́jà náà bọ Adébánjí lọ́wọ́, ó ní ọjà yìí dáa.

"Ẹ má tíì rà á, sà," ni Tèmilọlá wí. "Ó kù ká mọ bí a ó ṣe máa rí èèyàn wa nínú rẹ̀."

Ojú Adébánjí le. Tèmilọlá kò wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá.

"Ṣé kámẹ́rà rí mi?" ni bàbá béèrè.

"Kò rí yín, sà. Ṣé ẹ gbọ́ bí a ṣe ń pè yín?"

"Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò dáhùn?"

"Mi ò rí yín." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. Ó wo ilé náà, níbi tí èéfín ṣì ti ń rọra yọ lójú fèrèsé. Ó na fóònù rẹ̀ sí Tèmilọlá. "Bá mi pe Jayéọlá."

Tèmilọlá tẹ fóònù, ó gbé e sí i létí. Jayéọlá gbé e.

"Jayéọlá, tí wọ́n bá pè ọ́ tí o kò rí ẹni tó ń pè ọ́, ṣé o máa ń dáhùn?"

"Rárá, sà. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi."

"Èmi ni mo kọ́ ọ." Bàbá nu ojú rẹ̀. "Gbọ́ mi dáadáa. Tí o bá wà nínú èéfín, tí ẹnì kan pè ọ́, tó sì dárúkọ ara rẹ̀ tí o mọ̀ ọ́n, dá a lóhùn. Ṣé o gbọ́?"

Nẹ́tíwọ̀kì já, ó tún dé, kò sí ohùn.

"Jayéọlá!" Bàbá di fóònù mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Èmi bàbá rẹ ni o. Èmi Ọláoyè ni mò ń pè ọ́."

"Mo gbọ́, sà," ni ọmọ náà wí.