Ẹ̀rín Ìyá Mi Nínú Sáfà

Ẹ gbé korobá yín kalẹ̀ ná, ẹ wá gbọ́ àlá tí mo lá mọ́jú òní! Ẹ ṣáà mọ̀ pé láti ọjọ́ Ajé ni sáfà rédíò wa ti dákú, ẹ̀rọ ńlá tí a ń kó gbogbo ètò wa pamọ́ sí. Inú rẹ̀ ni ètò tí ìyá mi wá ṣe kó tó kú wà, èyí tó ti pàlọ́ tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín wó ilé mọ́ wa lórí. Kò sí ibòmíràn láyé tí ẹ̀rín yẹn kù sí. Oúnjẹ ò wọ̀ mí lẹ́nu mọ́.

Lójú àlá, mo dé ibi iṣẹ́, ilé rédíò ti kúrò nílẹ̀, ó ń léfòó lókè odò. Mo bọ́ bàtà, mo gun àkàbà wọlé. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Olúgbọ́dẹ, ní kí n fara balẹ̀, ìgbìmọ̀ ti ń jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, ó hu ìrùngbọ̀n, ó hu ìwo, ó ké "mẹ̀ẹ̀ẹ̀!", ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wáyà.

Mo ní, "Á gba ibi ire, sà." Kí ni ǹ bá tún sọ?

Wáyà tó jẹ kù ni mo tọ̀ dé ìdí sáfà. Díìsìkì mẹ́fà tó wà nínú rẹ̀ ti jáde, wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n kọ̀yìn síra wọn bí ọmọ orogún. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dákun fún mi ní ẹ̀rín ìyá mi.

Àgbà wọn ní, "Ọwọ́ gbogbo wa ló wà, wọ́n gé e pín fún wa ni. Tò wá bá a ṣe dàgbà síra, kí kálukú mú tirẹ̀ wá."

Ṣé iṣẹ́ nìyẹn? Mo tò wọ́n wéré. Wọ́n lanu, ohùn oníròyìn ló jáde: "Ìjọba ìbílẹ̀ yóò rọ̀ dáadáa nírọ̀lẹ́, kí gbogbo òjò wá san owó orí."

Díìsìkì karùn-ún fò dìde. "Ìyá Ìbejì! Ìwọ tó o bí ìbejì lo wá fi Táyé ṣáájú mi? Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣe wá. Òótọ́ ni pé òun ló kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n ta ló rán an?"

Áà, ojú tì mí! Mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ẹ má bínú, Kẹ́hìndé. Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n." Mo gbé e síwájú ìkẹrin.

Ẹ gbà mí o! Ẹ̀rín ìyá mi bú jáde! Ó bẹ̀rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó wá ń han bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo. Ọ̀gá wa tó ti di ewúrẹ́ rẹ́rìn-ín, ilé náà rẹ́rìn-ín títí ó fi já lu odò. Mo nawọ́ kí n gbá ẹ̀rín náà mú, omi ta sí mi lójú, mo sì jí.

Omi ni lóòótọ́. Ilẹ̀ ti mọ́, àwọn ìbejì mi ń jà sí korobá ìwẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi.

Táyé ní, "Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ bí, èmi ni màá kọ́kọ́ wẹ̀!"

Kẹ́hìndé ní, "Ta ló rán ẹ níṣẹ́?" Ó da omi lé e lórí, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó wá ń han bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo.

Mo dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹkún ń gbọ̀n mí, ẹ̀rín ń gbọ̀n mí. Ọdún mẹ́jọ tí mo ti bí ọmọ yìí, etí mi dà?

Mo ní kí Kẹ́hìndé kọ́kọ́ wẹ̀.