Pèrègún Igun Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin

"Alàgbà, ẹ yà díẹ̀ kí àwa náà rí i," ni Comfort wí.

Festus kò yà. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà, ó ń wo èèkàn tí òun fúnra rẹ̀ gbá mọ́ igun gbọ̀ngàn tí wọ́n fẹ́ kọ́ ní oṣù méjì sẹ́yìn. Èèkàn ti rúwé. Ewé gígùn mẹ́fà ló yọ lórí rẹ̀, tútù yọ̀yọ̀, wọ́n ń dán nínú oòrùn àárọ̀. Ẹni tí wọ́n bá bí sí ilẹ̀ Èkìtì kò sì ní ṣi pèrègún mọ̀.

"Igun kejì ńkọ́?" ni obìnrin náà tún bi í.

"Bákan náà ni."

"Ìkẹta?"

Festus dìde. Ó ti yí gbogbo rẹ̀ ká kí àwọn obìnrin tó dé. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló rúwé, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gan-an, bí ìgbà tí ènìyàn dìídì fi wọ́n sàmì sí ilẹ̀. Àwọn èèkàn pákó tó wà láàárín wọn kò hu nǹkan kan ju olú lọ.

Ilé àṣà ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀ fún ìlú Ìrè. Bíríkì amọ̀ ni ògiri rẹ̀ yóò jẹ́, kí inú ilé lè tutù láìlo ẹ̀rọ. Òrùlé yóò máa da omi òjò sínú táǹkì abẹ́ ilẹ̀, sólà yóò máa tan iná, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yóò sì máa sọ ìgbẹ́ di ajílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ yìí ni ìlú fi rẹ́rìn-ín fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá Ifátọ́lá àti ìdílé rẹ̀, tí wọ́n ń bọ Ògún, fi ilẹ̀ sílẹ̀, tí Comfort, olórí ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ, sì ní àwọn yóò po amọ̀ láìgba kọ́bọ̀, ẹ̀rín dópin. Ọgbọ̀n obìnrin ló kó wá láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta yìí, wọ́n ti ká aṣọ sókè dé orúnkún.

Festus rántí ọjọ́ tó lànà ilé náà. Èèkàn pákó ku mẹ́rin kó pé, igun ló sì kù sí. Ó wọ etí odò, ó gé igi mẹ́rin tó gùn dọ́gba, ó fi òòlù gbá wọn wọlẹ̀. Okùn àti ìwọ̀n ló wà lọ́kàn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìlú ní táǹkì omi kéré jù, wọ́n dá àwòrán padà, iṣẹ́ dúró, òjò ń rọ̀. Àbí ó mọ̀ pé pèrègún ni? Pèrègún ló wà láàárín oko kòkó bàbá rẹ̀ àti ti aládùúgbò wọn ní Òmù. Ojú tó ti ń rí i láti kékeré, níbo ni ojú náà lọ lọ́jọ́ yẹn? Ọ̀rọ̀ náà dàrú mọ́ ọn lójú.

"Òru ni àwọn ará ilé Ifátọ́lá wá gbìn ín," ni Comfort wí fún àwọn obìnrin rẹ̀. "Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún fún wa nílẹ̀, wọ́n fi tòsì sọ ọ́ di ojúbọ. Ẹ sọ aṣọ tí ẹ ká sókè sílẹ̀. A ò po amọ̀ kankan mọ́."

Ibi tó yẹ kí Festus ti sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó tilẹ̀ la ẹnu. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n obìnrin ló ń wò ó, òun sì ni alàgbà ìjọ. Alàgbà tó gbin pèrègún yí ilé ká, kí ni yóò sọ lọ́jọ́ Ìsinmi? Ó pa ẹnu náà dé. Ojú tì í, ó sì tún ń bẹ̀rù.

Ọmọ kan ti sáré lọ sọ ọ́ fún Bàbá Ifátọ́lá nílé, kò pẹ́ tí ọ̀kadà fi gbé e dé. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọ̀pá ló fi ń rìn. "Ẹ kúuṣẹ́ o," ló wí, kò sì sí ẹni tó dá a lóhùn dáadáa. Ó wo igun kan, ó wo èkejì.

"Ulé wa kọ́ ló gbìn ín," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ẹ̀yin lẹ gbìn ín, kí ẹ lè rí ohun tí ẹ ó fi bà wá jẹ́ lórí ulẹ̀ tí a fún yín."

"Àwa kẹ̀? Kí ni àwa fẹ́ fi pèrègún ṣe?" ni Comfort dáhùn.

Àárín ọ̀rọ̀ yìí ni Olúfúnkẹ́, ọmọge tó ya àwòrán ilé náà, ti wakọ̀ dé láti Adó. Ó gbọ́ tọ̀tún, ó gbọ́ tòsì, kò rí ìdí ọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ lànà níbí gbẹ̀yìn," ló wí fún Festus. "Ṣé ẹ rí ẹnikẹ́ni?"

"Mi ò rí ẹnikẹ́ni, Mádàámù."

Òótọ́ ni, kò sì rí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bó ti sọ ọ́ tán ni ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gún un.

"Ẹ jẹ́ ká kàn fà á tu nígbà náà, ká fi irin rọ́pò. Bí a ò bá walẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, àwọn tó fẹ́ fowó kọ́ ilé yìí fún yín ti ní ìlú mìíràn làwọn ó gbé e lọ."

"Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án kí á tó mọ ẹni tó gbìn ín, a ti gba ulẹ̀ wa padà," ni Ifátọ́lá wí.

"Bí kò bá sì kúrò, kò sí amọ̀," ni Comfort wí.

Olúfúnkẹ́ jókòó sórí òkìtì iyanrìn, ó ká àwòrán rẹ̀ sórí ẹsẹ̀. Festus wò ó, àánú rẹ̀ ṣe é. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí òun dákẹ́ yìí, ti odidi ìlú ló fẹ́ bá a dákẹ́.

Bàbá Ifátọ́lá na ọwọ́. "Festus, gbé àdá rẹ fún mi."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Bàbá?"

"N ó fẹnu kan irin. Wọ́n ti pè mí ní olè òru, àwọn ọmọ mi sì ti gbọ́. Bó bá jẹ́ ulé wa ló gbìn ín, kí Ògún má jẹ̀ẹ́ kí n délé."

Comfort náà ti ń yọ Bíbélì nínú àpò. 

Festus gbé àdá náà fún bàbá náà láìmọ̀ ohun tó ń ṣe, bí ó ti gé igi láìmọ̀. Ìgbà tí irin súnmọ́ ètè bàbá arúgbó náà ni Festus fò síwájú. Ó di ọrùn ọwọ́ àgbà mú, ohun tí kò ṣe rí láyé rẹ̀.

"Ẹ má búra, Bàbá. Èmi ni mo gé e. Èmi ni mo gbá a wọlẹ̀, mo fi ṣe èèkàn."

Comfort dá Bíbélì padà sínú àpò.

"Ṣé ẹ ò mọ pèrègún ni, Alàgbà?" ni Comfort bi í.

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Kí ló dé tí ẹ gé e?"

"Mi ò mọ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń bi ara mi."

"Ẹ sì ń wò wá," ni obìnrin náà wí. Kò jágbe, ìyẹn ló sì dun Festus jù.

Bàbá Ifátọ́lá dá àdá padà fún un. "Ìwọ lo gbìn ín. Fà á tu."

Festus bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ mú un. Ó ti ta gbòǹgbò. Ilẹ̀ ń dì í mú. Ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó dìde.

"Mádàámù, ẹ jẹ́ ká fa ìlà ilé wọ inú ní ẹsẹ̀ bàtà méjì níhà gbogbo. Kí pèrègún dúró síta gẹ́gẹ́ bí ààlà. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni mo máa tún ìlà fà."

"Gbọ̀ngàn á kéré, Bàbá. Ogún àga á jáde."

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ló fà á."

Olúfúnkẹ́ wo Ifátọ́lá, Ifátọ́lá mi orí pé òun gbà. Ó wo Comfort, Comfort ti ń ká aṣọ rẹ̀ sókè padà. Olúfúnkẹ́ yọ pẹ́ńsùlù.

Festus wọ etí odò lọ, ó gé igi mẹ́rin mìíràn. Nígbà tó padà dé, Comfort ti mú orí okùn dání, ó ń dúró dè é. Festus fi àdá bó èèpo igi àkọ́kọ́, ó bó ti èkejì, ó wo inú wọn fínnífínní.

"Ṣé ó ti kú?" ni obìnrin náà bi í.

"Kò tíì dá mi lójú," ni Festus wí, ó sì na igi náà sí i kí òun náà wò ó.