Ilẹ̀kùn Alága Ìkórè

“Ẹ gbọ́ o! Láti òní lọ, ọwọ́ ọmọ aráyé kankan kò tún ní kan ilẹ̀kùn yìí!”

Akínọ̀ṣọ́ na rìmóòtù sókè bí ẹni tó fẹ́ lu agogo ìsìn. Ó wọ sùtánà funfun báláú, kò wọ bàtà, gẹ́gẹ́ bí ìjọ wọn ti là á sílẹ̀, ikùn rẹ̀ sì ń ṣáájú rẹ̀ lọ. Àjíkẹ́ ìyàwó rẹ̀ àti Ràṣídì, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì Thomas Estate, ni gbogbo èrò ìwòran. Ó tẹ rìmóòtù. Ilẹ̀kùn gáréèjì kùn hùn-ùn, ó gbéra níwọ̀n ìka mẹ́rin, ó dúró.

Iná ti lọ.

“Ìlara ni,” ni Akínọ̀ṣọ́ wí.

Aago mẹ́sàn-án ti lù. Ọjọ́ ìkórè ìjọ wọn ní Awoyaya nìyí, òun sì ni alága, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá tó ti ń ṣe akọ̀wé fún àwọn tí kò gbọ́n tó o. Ìlànà ìjọ kò sì mojú ẹnikẹ́ni: tí wọ́n bá ti kọ orin ìwọlé tán ní aago mẹ́wàá ààbọ̀, àga alága kò gbọdọ̀ ṣófo. Ẹni tó bá wà nítòsí ni wọ́n á gbé sórí rẹ̀. Ọkọ̀ tuntun rèé nínú gáréèjì. Jẹnẹrétọ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

“Dádì Tómi, ẹ jẹ́ ká wọ kẹ̀kẹ́ dé títì, ká wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀,” ni Àjíkẹ́ wí, agbọ̀n èso ìkórè lórí rẹ̀.

“Alága? Nínú kẹ̀kẹ́? Kí ikùn mi máa yọ síta?”

Àjíkẹ́ dá kẹ̀kẹ́ dúró, ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó lọ.

Akínọ̀ṣọ́ pe Fàtíù, ẹni tó ṣe ilẹ̀kùn náà, ní Ṣàngótẹ̀dó.

“Ọ̀gá, kò sí wàhálà. Ẹ gba kíṣìnì wọ inú gáréèjì, ẹ fa okùn pupa tó ń fì lókè. Á já ilẹ̀kùn gbà lọ́wọ́ ẹ̀rọ, ẹ ó wá fọwọ́ gbé e.”

“Okùn pupa.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Mo ti gé e.”

“Ẹ gé kí ni?”

“A kì í wọ pupa nínú ìjọ wa, Fàtíù!”

“Ọ̀gá, ṣé ọkọ̀ yín ló fẹ́ wọ̀ ọ́ ni?”

Fàtíù ní kó gun àkàbà, kó fi ẹ̀mú fa irin kékeré tí okùn náà so mọ́ tẹ́lẹ̀. Akínọ̀ṣọ́ gùn ún, ó káṣọ sórúnkún. Kàkà! Irin náà yọ, ilẹ̀kùn sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ.

Ó kù kí wọ́n gbé e. Àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló ní kí Fàtíù fi irin kún irin, kí ilẹ̀kùn òun lè wúwo ju ti gbogbo àdúgbò lọ. Ó wúwo lóòótọ́. Òun àti Ràṣídì gbé e dé orúnkún, ó tún bọ́ lọ́wọ́ wọn, gbì!

Aago mẹ́wàá ti kọjá dáadáa nígbà tí fèrè ọkọ̀ dún. Ọdúnjọ ni, igbákejì alága, ẹni tó ti ń wo àga yẹn bí ológbò ti í wo ẹja.

“Alága! Ṣé ibí lẹ ti fẹ́ ṣe ìkórè ni? Ẹ bọ́ sínú ọkọ̀ mi.”

“Kí igbákejì máa fi ọkọ̀ gbé alága? Kí n tẹ̀lé yín wọlé bí ẹrù?”

“Ó dáa o. Èmi ń lọ. Àga kì í ṣófo.”

Ẹnu nìkan ló kù fún Akínọ̀ṣọ́. “Ẹ máa lọ, jàre. Ilẹ̀kùn yìí kọjá agbára irú apá yín.”

Ọdúnjọ pa ọkọ̀. “Apá ta ni?”

Ó ká ọwọ́ sùtánà rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. “Ó di họ́ọ̀!” Ilẹ̀kùn kọjá orúnkún. “Họ́ọ̀!” Ó kọjá àyà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó dé òkè orí wọn, oòrùn sì wọlé bá ọkọ̀ tuntun náà, ó ń kọ mànà.

“Halelúyà!” ni àwọn aláṣọ funfun kígbe.

“Aláhù Akúbárù!” ni Ràṣídì dá wọn lóhùn.

Wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ta ló lọ́wọ́ nílẹ̀ tó máa sọ̀yà nínú wọn? Wọ́n kàn dúró bẹ́ẹ̀, wọ́n nawọ́ gbé ilẹ̀kùn náà sókè kí ó má bàa tún já lù wọ́n, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Akínọ̀ṣọ́ yí ojú wo Ọdúnjọ: gíríìsì ti ba sùtánà rẹ̀ jẹ́, òógùn bo imú rẹ̀. Láti ọdún mọ́kànlá, wọn ò tíì jọ gbé nǹkan kan rí àfi ìjà. Rìmóòtù kò dùn mọ́ ọn tó báyìí.

Fóònù dún nínú àpò Akínọ̀ṣọ́. Ràṣídì fi ẹyọ ọwọ́ kan yọ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wọn lè gbọ́.

“Dádì Tómi, ẹ má wulẹ̀ sáré mọ́,” ni Àjíkẹ́ wí. “Wọ́n ti kọrin tán, èmi ni wọ́n gbé sórí àga. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ ra omi tútù dání.”