Ẹsẹ̀ Táǹkì Tó Ń Dán Yanran

Ọkọ mi fẹ́ràn kí nǹkan máa dán. Ọlọ́dà ni, ní ilé-iṣẹ́ tí àwa méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ń fọ ìgò lábẹ́ táǹkì omi ńlá, òun ń kun gbogbo ohun tó bá ti dúró sójú kan. Mo ti sọ fún un pé bí mo bá sùn gbàgbéra, ó lè kùn mí.

Nígbà tí wọ́n ní ọmọbìnrin kan tí a ń pè ní Oníkámẹ́rà ń pa dà bọ̀ wá yẹ táǹkì wò, inú ọkọ mi dùn. Ọmọbìnrin yẹn máa ń ya fọ́tò irin, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á wá fi àwọ̀ pupa sàmì sí ibi tó ti dípẹtà, á sì wọn bó ṣe fẹ̀ tó. Àlejò ń bọ̀, ọkọ mi tún ilé ṣe: ó fi ọ̀dà funfun kun ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí táǹkì dúró lé.

Ọmọbìnrin náà ya fọ́tò ẹsẹ̀ táǹkì, ó sì wo kọ̀ǹpútà. Àmì pupa kan ò sí níbẹ̀.

"Ṣé ẹ rí i?" ọkọ mi ní, ó ń yan. "Ẹsẹ̀ yìí mọ́ ju ojú mi lọ."

"Bàbá, nígbà tí mo wá kẹ́yìn, ìpẹtà ibí yìí fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ìpẹtà kì í sì í san bí ọgbẹ́. Ta ló kun nǹkan sí i?"

"Èmi ni o!"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi ha á kúrò."

Hà! Àfi bíi pé ó ní kó bọ́ṣọ lójú ọjà. Ó ráhùn títí, ó ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọyì iṣẹ́. Inú bí mi.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ ha á jàre! Ṣé orí yín ni táǹkì yẹn wà ni, àbí orí mi?"

Ó ha á. Ọ̀dà bọ́, irin náà bọ́ tẹ̀ lé e. Ọmọ náà tún ya fọ́tò, ojú kọ̀ǹpútà pọ́n yòò. Ọkọ mi fi ọ̀bẹ tó fi ń ha ọ̀dà kan ibẹ̀ díẹ̀, ọ̀bẹ wọlé dé èèkù.

Ó wo ọ̀bẹ, ó wo òkè, ó wá wo àpótí tí mo máa ń jókòó lé. Òun fúnra rẹ̀ ló sáré gbé e kúrò, ó sì ń lé gbogbo wa jáde lábẹ́ ibẹ̀ bí adìyẹ. Wọ́n tú omi táǹkì dànù lójú ẹsẹ̀.

Ọkùnrin tí kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni wá dúró níwájú ọmọ tó lè bí. "Ẹ ṣé," ó ní. "Ẹ ṣé gan-an ni." Èmi dì mọ́ ọmọ náà, mo sunkún sí i léjìká títí aṣọ rẹ̀ fi tutù.

Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin yẹn dòní. Ọkùnrin tó fẹ́ràn mi jù láyé ì bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ikú mi lọ́ṣọ̀ọ́, ì bá sì tún pè mí kí n wá wo bó ṣe ń dán.