Orin Tí Wọ́n Fi Sin Ọba

Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ní Èmùré ní eré ọba tó mu májèlé. Tí ọba bá ti gbé ife sẹ́nu lórí ìtàgé, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ gbogbo ènìyàn lẹ́nu. Ẹni tó bá wúkọ́ á rí pípọ́n ojú mi.

Wọ́n wá sọ eré náà di fíìmù. Gbádégẹṣin tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni wọ́n ní kó ṣe orin rẹ̀. Ọ̀gá olórin! Ó ní ìdákẹ́jẹ́ kì í ta fíìmù.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi í hàn ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, ọba gbé ife sẹ́nu. Kíbọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í rọra dún, gẹ́lẹ́ bó ṣe máa ń dún tí pásítọ̀ bá fẹ́ gbàdúrà. Ni gbogbo èrò bá tẹrí ba, wọ́n di ojú, àdúrà gbòde. Nígbà tí orin dákẹ́, wọ́n ké "Àmín!"

Gbádégẹṣin ń rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ẹ rí i bí orin mi ṣe wọ̀ wọ́n lára?"

Màmá Deborah tó jókòó tì mí la ojú. "Ọba dà? Ṣé ó ti lọ ulé ni?"

Mo ní, "Wọ́n ti sin ín, mà. Ẹ̀yin náà lẹ ṣe àmín."