Àbúrò Tó Di Ẹnu Ẹ̀gbọ́n

4.

…tí dókítà eyín sì ka eyín télọ̀ náà tán, méjìlélọ́gbọ̀n, kò rí ihò kan ṣoṣo. Ó mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó ń fi kan wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

DÓKÍTÀ: Ó ń dùn yín níbí?
TÉLỌ̀: (ó mi orí: bẹ́ẹ̀ ni)
DÓKÍTÀ: Ibí ńkọ́?
TÉLỌ̀: (bẹ́ẹ̀ ni)
DÓKÍTÀ: Ibi tí mi ò tíì kàn ńkọ́?
TÉLỌ̀: (bẹ́ẹ̀ ni)
ÀBÚRÒ TÉLỌ̀: Ẹ má bínú, Dókítà. Àǹtí mi ní ó dà bí ìgbà téèyàn jẹ ata tí ò rí omi mu.
DÓKÍTÀ: Oyún náà ni, bóyá. Ká má purọ́, mi ò mọ ohun tó jẹ́.

Ẹ ò rí i? Láti ibẹ̀ lọ́hùn-ún ni àbúrò ti ń gbẹnu sọ fún un.

5.

KÁÀDÌ ALÁBOYÚN
Oṣù: keje
Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀: ó dáa
Ọmọ: ó ń tàpá dáadáa
Ẹnu: ?

(Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló fi àmì ìbéèrè yẹn síbẹ̀.)

6.

Ohun tí ẹnu rẹ̀ ti kọ̀ láti oṣù karùn-ún:

omi tútù
omi gbígbóná
búrọ́ọ̀ṣì
àwọn abẹ́rẹ́ tó máa ń fi ètè há bó bá ń wọn aṣọ sára oníbàárà (òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ rò pé àwọn abẹ́rẹ́ yìí ló fà á. Ó pa wọ́n tì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìrora ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n lọ)
ọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ ló burú jù. Tí ahọ́n bá ti kan eyín báyìí, ó parí.

7.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú ilé nìyí.

Télọ̀ á fi ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí aṣọ kọ ohun tó fẹ́ sọ sórí àjákù bébà. Ọkọ rẹ̀, tó ń tún fíríìjì ṣe, kò lè ka ṣọ́ọ̀kì yẹn láéláé. Kì í sì í ka ohun tó bá wà lórí fóònù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ pè é. Ta ló wá lè kà á? Àbúrò. Lábẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ aṣọ, ó mọ ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ bí ẹní mọ ojú ìyá rẹ̀. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì lòun máa lò lọ́dọ̀ wọn. Ó ti lo oṣù méjì.

8.

TÉLỌ̀ KỌ: Omi tán.
ÀBÚRÒ KÀ Á: Bùọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àǹtí mi ní omi ti tán. Tó bá ti rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ jọ̀ọ́.

TÉLỌ̀ KỌ: O pẹ́.
ÀBÚRÒ KÀ Á: Àǹtí mi ní ọkàn àwọn ò balẹ̀ títí ẹ fi dé.

TÉLỌ̀ KỌ: Má fọwọ́ kàn mí.
ÀBÚRÒ KÀ Á: Àǹtí mi ní ó rẹ àwọn díẹ̀, ẹ má bínú.

ỌKỌ: Ìyàwó kékeré, o ṣeun jàre!

Ìyàwó kékeré. Àwàdà ni o, àwàdà tí gbogbo ọkọ ń bá àbúrò ìyàwó ṣe. Ṣùgbọ́n ta ló ni ṣọ́ọ̀kì? Ta ló ni bébà? Ta ni wọ́n wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Kò sí ohunkóhun láàárín àwọn méjèèjì. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò yíká, kò sí. Owú kì í sì í béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Télọ̀ ń jowú, ó ń jowú gan-an, ó sì mọ̀.

9.

ÌKÉDE (lára ògiri ilé ìwòsàn)
Ẹ̀yin aláboyún, ọmọ inú yín ti ń gbọ́ ohùn. Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, kó lè mọ ohùn ìyá rẹ̀ kó tó dé.

Télọ̀ kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Àbúrò jókòó tì í, ó ń bá nọ́ọ̀sì tàkúrọ̀sọ, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọmọ ń tàpá.

10.

Àbúrò máa ń kọrin bó bá ń fọ abọ́.

11.

(àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù)

TÉLỌ̀: Màámi, ọmọ yìí ti mọ ohùn rẹ̀.
ÌYÁ: Ohùn ta ni?
TÉLỌ̀: Ọmọ yín.
ÌYÁ: Méjì ni mo bí. Èwo nínú wọn?
TÉLỌ̀: Ẹ mọ èwo.
ÌYÁ: O ti jẹun?

11.

(Nọ́mbà yìí wá lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò ní yí i padà. Ọjọ́ kan náà ni.)

Àbúrò ń sá aṣọ lẹ́yìn ilé. Télọ̀ ya bébà tó tó àtẹ́lẹwọ́, ó kọ ọ́ gàdàgbà gadagba, kí ọkọ lè rí i kà fúnra rẹ̀. Ó fi lé e lọ́wọ́.

Ọkọ yí bébà síwájú, ó yí i sẹ́yìn. Ó wá ṣe ohun tó ti ń ṣe láti oṣù méjì. Ó kígbe: «Ìyàwó kékeré! Wá bá mi ka èyí.»

Télọ̀ na ọwọ́ kó já a gbà. Ikùn oṣù méje ò jẹ́ kó tètè dìde.

ÀBÚRÒ: (ó gba bébà)
ỌKỌ: Kí ni àǹtí ẹ wí?
ÀBÚRÒ: «Sọ fún un kó máa lọ sílé rẹ̀. Ó ti tó.»
ỌKỌ: Ta ni kó máa lọ sílé?

Láti oṣù méjì, ìyẹn nìkan ló kà bó ṣe wà. Kò fi ẹ jọ̀ọ́ kún un.

Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, tó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èyí tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ náà ń fọ́.

14.

Ohun tó wà nínú báàgì àbúrò lọ́jọ́ tó ń lọ sílé:

aṣọ mẹ́rin
sálúbàtà
gbogbo bébà oṣù méjì, tó tò tẹ̀lé ara wọn látorí «Omi tán». Ibẹ̀ ni mo ti rí èyí tí mo kọ sókè. Bó ṣe dé ọwọ́ mi, ẹ má bi mí.

15.

Ọkọ ti gbé báàgì jáde, ó ń dá mọ́tò dúró. Télọ̀ nìkan ló kù nínú yàrá.

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ikùn. Ó la ẹnu.

«Ọmọ mi.»

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ ò mira.

«Èmi ni ìyá rẹ.»

Iná ni, látorí ahọ́n dé etí. Ọmọ ò mira.

Ó gbé itọ́ mì. Ó tún un sọ. «Èmi ni.» Lẹ́nu ọ̀nà, ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà, «Àǹtí mi, mò ń lọ o.»

Ọmọ tàpá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì le. Àbúrò náà rí i lára aṣọ.

Ẹ̀gbọ́n wo àbúrò. Àbúrò wo ikùn.

Mọ́tò ń fun fèrè níta. Kò sí èyí tó fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú àwọn méjèèjì.